Git àti VS Code: orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní VS Code tí ẹ fi ń kọ kóòdù ń sọ pé òun kò rí Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe orí fáìlì, àti pé nígbà tí ẹ wá rí i tò, gbogbo fáìlì tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé lẹ́tà M sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ẹ ti tún wọn kọ. Àdúgbò Under G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ àṣekágbá wọn, ojú mi sì ti rí ìṣòro méjèèjì.

VS Code kò gbé Git sínú ara rẹ̀. Git tó wà lórí kọ̀ǹpútà ló ń rán níṣẹ́, àṣẹ Git ló sì wà lẹ́yìn bọ́tìnì tí ẹ ń rí bí ẹ bá tẹ Ctrl+Shift+G. Ẹ ṣí terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ kọ git --version. Bí kò bá dáhùn níbẹ̀, VS Code náà kò ní rí i. Ẹ wá fi git config --global kọ user.name àti user.email yín sílẹ̀, nítorí Git kì í gba commit, ìyẹn àtúnṣe tí ẹ fi pamọ́ sínú ìtàn iṣẹ́ náà, lọ́wọ́ ẹni tí òun kò mọ̀.

Ti lẹ́tà M yẹn ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Windows a máa fi àmì méjì, CRLF, parí ìlà kọ̀ọ̀kan, Linux a sì máa fi ẹyọ kan, LF. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n Git rí i. Mo mọ àwọn méjì kan tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí rẹ̀, tí ọ̀kan ń lo Windows, tí ìkejì ń lo Ubuntu tó jẹ́ irú Linux kan, tí wọn kò sì lè dá ìlà tí ẹnì kan tún ṣe gan-an mọ̀ mọ́, nítorí gbogbo fáìlì ló dà bí ọ̀tun. Ẹ kọ git diff --ignore-cr-at-eol: bí kò bá mú nǹkan kan jáde, òun náà nìyẹn. Ẹ ṣe fáìlì kan tí ẹ ó pè ní .gitattributes, kí ẹ kọ * text=auto eol=lf sínú rẹ̀, kí ẹ ṣe git add .gitattributes, kí ẹ ṣe git add --renormalize ., kí ẹ sì ṣe commit. Mo fẹ́ràn èyí ju core.autocrlf, ìtò Git mìíràn fún òpin ìlà, lọ, nítorí orí kọ̀ǹpútà ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ìyẹn ń gbé, ṣùgbọ́n .gitattributes ń bá iṣẹ́ náà kiri.

Bí ẹ bá ń fi àmì ohùn sórí orúkọ fáìlì bíi tèmi, tí À wá di \303\200 nínú terminal, git config --global core.quotepath false ni oògùn rẹ̀.

GitHub, ibi tí a ń gbé iṣẹ́ Git sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba ọ̀rọ̀ aṣínà fún git push, àṣẹ tó ń gbé iṣẹ́ lọ síbẹ̀, mọ́ láti ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ẹ jẹ́ kí VS Code gbé yín lọ sórí bíráwúsà láti wọlé, tàbí kí ẹ lo kọ́kọ́rọ́ ssh, fáìlì ìdánimọ̀ tó dípò ọ̀rọ̀ aṣínà. Commit ní tirẹ̀ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá, nítorí náà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí VS Code bá sì bi yín bóyá kí ó máa ṣe git fetch, ìyẹn gbígba àtúnṣe tuntun wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, lóòrèkóòrè, ẹ dáhùn pé rárá bí owó dátà bá ń dùn yín.