Ẹyin inú fíníkà: ṣé kí n gún un kó lè tètè kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ràn ẹyin tí wọ́n rẹ sínú fíníkà, mo sì fẹ́ máa ṣe é fúnra mi. Mo se ẹyin, mo bó o, mo fi igi ìtayín gún un káàkiri kí fíníkà lè tètè wọ inú rẹ̀. Mo kó o sínú ìgò, mo dé e, mo gbé e sórí pẹpẹ ní ilé ìdáná. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan báyìí, n ò tíì jẹ ẹ́. Ẹnì kan wá ní kí n dà á nù. Bẹ́ẹ̀, kò rùn, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ṣé òótọ́ ló sọ? Báwo ló ṣe yẹ kí n ṣe é gan-an?

Ìdáhùn: Òótọ́ lẹni yẹn sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má fi ahọ́n kàn án pàápàá. Ẹ má ṣí ìgò yẹn mọ́. Ẹ wé e bó ṣe wà sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ gbé e jù síbi tí ọwọ́ ọmọdé tàbí ẹnu ẹran ọ̀sìn kò ní tó o. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ti jẹ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, tí ojú rẹ̀ wá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wọ́ bọ̀ sílẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ ń wúwo, tàbí tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó jẹ fún dókítà.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé wọ́n gbà pé kòkòrò kankan ò lè gbé inú ohun tó kan. Tó bá jẹ́ ti omi inú ìgò ni, wọn ò jayò pa. Kòkòrò tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó oúnjẹ ń bẹ̀rù jù níbí ni Clostridium botulinum. Inú iyẹ̀pẹ̀ àti eruku ló ń gbé. Ó lè sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle tí omi híhó kò ní lè pa á, ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí ló sì ti ń gbilẹ̀. Kíkan ló ń dá a dúró: níbi tí pH (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ni nǹkan náà ṣe kan sí) bá ti wà ní 4.6 tàbí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, kò lè hù. Àmọ́ pupa ẹyin kì í ṣe ohun kíkan, nǹkan bí 6.8 ni tiẹ̀. Funfun tó yí i ká sì ki, díẹ̀díẹ̀ ni fíníkà ń wọ̀ ọ́, bí òjò wẹliwẹli ṣe ń wọ ilẹ̀ líle.

Ẹ wá wo ohun tí igi ìtayín ṣe. Kì í ṣe ọ̀nà fún fíníkà nìkan ló là. Ohunkóhun tó bá wà lára igi náà tàbí lára ẹyin, ó tì í wọnú pupa lọ tààrà, síbi tí kò sí afẹ́fẹ́, tí fíníkà ò sì tíì dé. Orí pẹpẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló kù tí kòkòrò náà ń wá.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1997, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin ẹni ọdún 68 kan rẹ ẹyin sínú fíníkà nílé. Òun náà fi igi ìtayín gún un, kò sì gbé e sínú òtútù. Ó jẹ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ríran ní méjì-méjì, ó sì di ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí kí ara rẹ̀ tó padà yá. Nígbà tí wọ́n yẹ ìgò náà wò, pH omi rẹ̀ jẹ́ 3.5, ìyẹn ni pé ó kan dáadáa. Inú pupa ẹyin ni májèlé tí kòkòrò náà ń mú jáde pọ̀ sí jù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba ti omi tó mọ́ gaara tí ẹ sọ yẹn rò: májèlé yìí kì í rùn, kì í sì í yí àwọ̀ oúnjẹ padà.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ lo ẹyin tó ti pé bí ọ̀sẹ̀ kan nínú firíìjì, nítorí èèpo ẹyin tuntun máa ń lẹ̀ mọ́ funfun rẹ̀. Inú omi tútù ni kí ẹ kó o sí. Tó bá ti hó, ẹ dín iná kù, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá kó o sínú omi tútù mìíràn kí ẹ tó bó o. Èyí tí funfun rẹ̀ bá sán tí pupa fi hàn, ẹ jẹ ìyẹn lọ́jọ́ náà, ẹ má kó o mọ́ àwọn yòókù.

Ẹ se ìgò nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10. Ìgò oní-lítà kan kò gbọ́dọ̀ gbà ju ẹyin 12 lọ, ẹ má sì kì í mọ́ra. Fíníkà tí wọ́n kọ 5% sí lára, ìyẹn ìwọ̀n kíkan rẹ̀, ni kí ẹ rà. Kọ́ọ̀bù fíníkà kan àtààbọ̀ sí ààbọ̀ kọ́ọ̀bù omi, ṣíbí kékeré iyọ̀ méjì, ṣúgà díẹ̀, àti èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán tó bá wù yín. Ẹ jẹ́ kó hó, kẹ́ ẹ dín iná rẹ̀ kù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá dà á gbígbóná lé ẹyin lórí títí tó fi bò ó mọ́lẹ̀. Bí kò bá tó, ẹ po òmíràn ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ má fi omi lásán bù lé e.

Firíìjì ló kàn, ní 4°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò sì máa wà títí tí yóò fi tán. Kò sí ọgbọ́n ilé kankan tí wọ́n ti dán wò tó lè jẹ́ kí ẹyin yìí wà lórí pẹpẹ láìléwu, kódà bí ẹ bá se ìgò náà tọmọrí-tọmọrí. Tí ẹ bá gbé e síta fún àlejò, kó má ju wákàtí méjì lọ. Ẹ kọ déètì sára ìgò, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.

Mo mọ̀ pé ìdúró ló sú yín tí ẹ fi gún un. Ẹyin ńlá máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó dùn. Bí ìyẹn bá ti pẹ́ jù lójú yín, ẹ wá ẹyin kéékèèké: ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ti tó fún un, ẹ ò sì ní fi nǹkan kan gún un.