Bí a ṣe ń pín judge àti àwọn ìbátan rẹ̀ sí sílébù

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, judgement, fi jẹ́ sílébù (ègé ọ̀rọ̀ tí a ń pè jáde lẹ́ẹ̀kan) méjì nígbà tí lẹ́tà fáwẹ̀lì mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ojú lẹ fi kà á, etí ló sì yẹ kẹ́ ẹ fi kà á. Ìró fáwẹ̀lì là ń kà, kì í ṣe lẹ́tà. Lẹ́tà e tó tẹ̀lé g yẹn kò dún rárá. Àwọn ará Amẹ́ríkà a tiẹ̀ máa yọ ọ́ kúrò, wọn a kọ judgment, sílébù ò sì dín: judg-ment.

Judge fúnra rẹ̀, ẹyọ kan ni. Sílébù Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, ìdí nìyẹn tí ahọ́n wa fi máa ń fi ìró i kún ìdí rẹ̀, táá wá di méjì. Ẹ dúró lórí ìró j tó gbẹ̀yìn. Judged náà, ọ̀kan ni, torí pé -ed kì í dá sílébù ní àfi tó bá tẹ̀lé ìró t tàbí d. Ad-ju-di-cate jẹ́ mẹ́rin, ìró t ló parí rẹ̀, nítorí náà adjudicated di márùn-ún. Judges ní tirẹ̀ jẹ́ méjì.

Èyí tó ń da ènìyàn láàmú jù ni prejudge àti prejudice. Lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ wọn kò yàtọ̀ síra, síbẹ̀ pre-judge ni ti àkọ́kọ́, prej-u-dice ni ti èkejì. Nínú prejudge, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni pre, e rẹ̀ sì ń dún bí lẹ́tà i ti Yorùbá tí a fà gùn, a gé e sọ́tọ̀. Nínú prejudice, e náà kúrú, ó ń dún bí ẹ, orí rẹ̀ sì ni ohùn ti wúwo. Irú fáwẹ̀lì kúkúrú bẹ́ẹ̀ a máa fa kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀lé e mọ́ra, ìdí rèé tí j fi lọ sí apá òsì.

Ìparí -cial àti -cious, sílébù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n: ju-di-cial, ju-di-cious, kí ohùn wúwo lórí di. Tó bá di prejudicial, mẹ́rin ni, ohùn á kúrò lórí prej, á bọ́ sórí di. Judiciary lè jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Mẹ́rin lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Bìrìtìkó, márùn-ún lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà, méjèèjì ló tọ̀nà.

Àwọn kan máa ń ní kéèyàn fi ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n, kó ka iye ìgbà tí àgbọ̀n bá tẹ̀ ẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn fún àwọn ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé i àti u kì í la ẹnu púpọ̀. Kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ sí sílébù kọ̀ọ̀kan sàn jù.

Tí ìlà bá tán lójú ìwé, judge àti judged kò ṣeé gé, ẹ gbé e lódindi sí ìlà tó kàn. Ní ti prejudice, ẹ fi preju- sí ìparí ìlà, kí dice bọ́ sí ìsàlẹ̀.