Ẹ Bi Ọ̀gá Mẹkáníìkì: Agbára Ẹ́ńjìnnì Ti Ju Ti Sítíárìn Lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Ìkòròdú ni mo wà, mo ní bóòtù fáíbà 26 fíìtì tí mo fi ń gbé àwọn tó ń lọ gbafẹ́ ní Ilashe àti Tarkwa Bay lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Yamaha méjì tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 115 (họ́ọ̀sì páwà) ló wà lẹ́yìn ẹ̀, mo fẹ́ yọ wọ́n kí n gbé 200 méjì sí i. Kébù ni sítíárìn ẹ̀, kò já rí, àmọ́ ó ti ń le lọ́wọ́. Mẹkáníìkì mi ní ká fi gíríìsì sí i, ó máa lọ. Àwọn kan ní kí n ra háídírọ́líìkì, owó náà sì pọ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá awakọ̀, ẹ ṣé gan-an tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ẹ́ńjìnnì yẹn kọ́. Sítíárìn lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ẹ́ńjìnnì á wá tẹ̀lé e, tí owó ò bá sì tó méjèèjì, ẹ fi 115 yẹn sílẹ̀ níbi tó wà kí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ títí owó á fi pé. Ká tiẹ̀ tó débẹ̀, ẹ wo àwo irin kékeré tí ilé iṣẹ́ tó ṣe bóòtù náà kàn mọ́ ọn, tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé 300 ni òpin agbára tó lè gbé, a ò gbọ́dọ̀ gbé 400 sí i, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú rárá. Tó bá jẹ́ pé ilé níbí ni wọ́n ti ṣe é tí kò ní àwo, ẹ lọ bi ẹni tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kébù yẹn ńkọ́? Irin ló wà nínú rọ́bà, orí ẹ̀ sì ń wọ inú páìpù kan tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì, èyí tí ẹ́ńjìnnì rọ̀ mọ́ tó bá ń gbéra sókè. Omi iyọ̀ á wọ inú páìpù yẹn, gíríìsì á gbẹ, á di líle, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Wíìlì á máa le díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń mọ́ awakọ̀ lára débi pé kò ní mọ̀ pé ó ti burú, títí ọjọ́ kan tó máa há, ọjọ́ yẹn sì lè jẹ́ ọjọ́ tí èrò kún inú ọkọ̀. Kí a máa fi gíríìsì sínú páìpù nígbà tó ṣì dáa, iṣẹ́ gidi nìyẹn. Àmọ́ kébù tó bá ti le látinú, gíríìsì tí ẹ fi síta ò ní débẹ̀, pípààrọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀.

Èyí tó tún bà mí lẹ́rù jù ni pé própẹ́là tó ń yí máa ń fẹ́ ti ẹ́ńjìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kébù lásán á sì gbé agbára yẹn padà wá sọ́wọ́ yín. Pẹ̀lú 115, apá yín ká a. Tó bá wá di 200, tí ẹ ń sá 80 kìlómítà láàárín wákàtí kan, tí ẹ yọwọ́ lórí wíìlì ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ẹ lè gbé fóònù, bóòtù lè yí bírí kó da èèyàn sómi. Ọ̀sà tiwa náà sì rèé, ìtì igi àti pákó ló ń léfòó kiri nínú ewéko. Tí ìdí ẹ́ńjìnnì bá gbá a, wíìlì á já gbà mọ́ yín lọ́wọ́.

Háídírọ́líìkì ò ní irin kankan tó so wíìlì mọ́ ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù wà nídìí wíìlì, tí ẹ bá yí i, á ti ọ́ìlì gba inú họ́ọ̀sì lọ sí sìlíńdà, sìlíńdà á wá ti ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ ò bá yí i, fáàfù inú pọ́ǹpù á ti ọ́ìlì náà mọ́bẹ̀, própẹ́là ò wá lè fa ọwọ́ yín síhìn-ín sọ́hùn-ún mọ́.

Ẹ má kàn ra èyí tó bá ṣáà ti rọjú o. Sítíárìn háídírọ́líìkì tí wọ́n ń pè ní BayStar dáa, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò ju 150 lọ ni wọ́n ṣe é fún, tiyín ti kọjá ibẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SeaStar ni kí ẹ wò. Torí pé méjì ni ẹ́ńjìnnì yín, ọ̀pá irin kan máa so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí. Tó bá ṣeé ṣe kí própẹ́là kan máa yí sápá ọ̀tún kí èkejì máa yí sápá òsì, ẹ ra bẹ́ẹ̀, torí wọ́n á máa pa agbára ara wọn, sítíárìn á sì fúyẹ́. Bóyá sìlíńdà kan á tó àbí méjì, agbára àti eré bóòtù ló ń sọ ọ́, ó wà nínú ìwé tó bá a wá, ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Pọ́ǹpù náà ní ìwọ̀n, ìyẹn bí ọ́ìlì tó ń tì ní ìyípo wíìlì kan ṣe pọ̀ tó. Tó bá jẹ́ sìlíńdà kan, èyí tí wọ́n pè ní 1.7 máa gba bí ìyípo wíìlì márùn-ún láti òpin ọ̀tún dé òpin òsì, 2.4 sì máa gba bíi mẹ́ta àbọ̀, á yá, àmọ́ á wúwo díẹ̀ lọ́wọ́.

Nípa ọ́ìlì, mo bẹ̀ yín, kì í ṣe ọ́ìlì bíréèkì. Ó máa jẹ gbogbo rọ́bà síìlì inú ẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ náà sọ ni kí ẹ rà. Tí wọ́n bá ń kún un, kí ẹni kan máa da ọ́ìlì látòkè nídìí wíìlì, kí ẹnìkejì wà nídìí sìlíńdà láti máa tú nọ́ọ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ẹ yí wíìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dé òpin, ẹ tún máa yí i títí ọ́ìlì tó ń jáde ò fi ní ní ìfófòó nínú mọ́, kí ẹ tó ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì. Wíìlì tó bá rọ̀ bíi kànìnkànìn lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ má rà á, ẹ ò mọ bí síìlì inú ẹ̀ ṣe rí. Kí ẹ tó kúrò ní jẹ́tì, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè pátápátá, ẹ yí i dé òpin méjèèjì, kí ẹ sì wò ó bóyá họ́ọ̀sì ń fà tàbí sìlíńdà ń gbá nǹkan. Okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì náà, ẹ so ó mọ́ ara yín, háídírọ́líìkì o, kébù o.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, ẹ ǹlẹ́ o. Florida la wà. Ọkọ mi ra bóòtù 28 fíìtì, Ẹ́ńjìnnì MerCruiser 496 ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú Bravo, ìyẹn ìdí tó wà níta tó gbé própẹ́là. Tó bá ti kọjá bí 100 kìlómítà, ìdí ẹ̀ á máa mì sọ́tùn-ún sósì. Ó fẹ́ ra sìlíńdà sítíárìn tí wọ́n ń kọ́ síta. Ṣé ó máa yanjú ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àǹtí wa, ẹ ní kó má tíì rà á. Kí wọ́n gbé bóòtù jáde lómi, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan di ìdí Bravo yẹn mú, kó mì ín sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì tí wíìlì ò sì kúrò lójú kan, òrùka irin ńlá tó gbé e dúró tàbí ọ̀pá tó ń yí i ti jẹ, ìyẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Sítíárìn tó bá a wá ń ti ọ̀pá yẹn látinú bóòtù, àyè díẹ̀ lára ọ̀pá á di àyè ńlá nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ própẹ́là. Sìlíńdà méjì tó wà níta, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, á di ìdí náà mú ní tààrà, eré tí wọ́n ń sá yẹn sì tó ohun tí èèyàn lè ra irú ẹ̀ sí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mọ̀ pé lórí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù, tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì, wíìlì á le gan-an. Bóòtù míì sì wà tó jẹ́ pé ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbá omi tó bá sáré jù, sítíárìn kọ́ ló fà á, kí ó dín eré kù, kí ó sì sọ ìdí Bravo yẹn kalẹ̀ díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, bóòtù mi máa ń fà sápá ọ̀tún. Ẹ́ńjìnnì kan ni, 90. Ṣé kí n pààrọ̀ sítíárìn ni?

ÌDÁHÙN: Rárá, ẹ má tíì náwó. Ẹ wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì lókè própẹ́là, irin kékeré kan bí ìrù ẹja wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tì kan ló dì í mú. Tí bóòtù bá ń fà sọ́tùn-ún, ẹ tú nọ́ọ̀tì yẹn, ẹ ti ẹ̀yìn irin náà sápá ọ̀tún díẹ̀, ẹ dè é, ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ ní eré tí ẹ sábà ń sá. Tó bá ṣì ń fà, ẹ tún ti í sí i.