Ẹja Mi Ò Jẹun, Ó Kàn Ń Sá Pamọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní gíláàsì ẹja olómi iyọ̀ kékeré kan ní pálọ̀ wa ní Òkè-Ìléwó, omi inú ẹ̀ á tó lítà 75. Ẹja clownfish méjì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo wá ra ẹja firefish kan kún un, àmọ́ abẹ́ òkúta ló ń gbé ṣáá. Tí mo bá da oúnjẹ sí i, kó tó yọjú, àwọn méjì yẹn ti gbé gbogbo ẹ̀ mì. Ó ti ń rù. Ṣé kí n máa da oúnjẹ púpọ̀ sí i ni? Ìyá Àyọ̀, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá Àyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún oúnjẹ yẹn o! Èyí tó bá ṣẹ́kù máa jẹrà nísàlẹ̀, á di ammonia tó jẹ́ májèlé fún ẹja, omi tó kéré báyẹn sì máa ń tètè bàjẹ́, gbogbo wọn lè tipa ẹ̀ kú.

Oúnjẹ wà níbẹ̀, kò kàn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni. Nínú òkun, òkè ihò ẹ̀ gan-an ni firefish máa ń dúró sí, á kọjú síbi tómi ti ń ṣàn bọ̀, á máa ṣa àwọn nǹkan wínníwínní tómi bá gbé kọjá, ẹ̀rù bà á díẹ̀ báyìí, ó ti wọ ihò lọ nìyẹn. Kì í bá ẹnikẹ́ni du oúnjẹ. Ẹ gbé tiẹ̀ lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ ra síríńjì ńlá kan ní kẹ́mísì, ẹ má lo abẹ́rẹ́ ẹ̀, ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu ẹ̀ kó lè gùn dé ìsàlẹ̀. Ẹ pa pọ́ǹpù tó ń mú omi ṣàn fún bíi ìṣẹ́jú 10, ẹ dín iná kù, ẹ kọ́kọ́ fún àwọn clownfish ní tiwọn ní igun tó jìnnà sí òkúta yẹn, bí ẹnu wọn bá ti dí, ẹ wá rọra máa ti oúnjẹ jáde níwájú ihò ẹ̀, ẹ má tì í wọnú ihò o, ẹ̀rù á tún bà á. Díẹ̀díẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ má gbàgbé àtitan pọ́ǹpù padà, kí àwọn ọmọdé ilé náà yéé gbá gíláàsì.

Oúnjẹ gbígbẹ lè má wù ú jẹ. Mysis inú yìnyín, ìyẹn nǹkan kékeré inú omi tó jọ edé, ló dáa jù, ẹ fi omi gíláàsì yín yọ́ ọ nínú kọ́ọ̀bù. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ bi àwọn tó ń sin ọmọ ẹja àrọ̀, wọ́n mọ Artemia, tóun náà jọ edé wínníwínní, dáadáa torí òun ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ẹja. Inú omi iyọ̀ ni wọ́n ti ń pa ẹyin ẹ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì á ti máa rìn, ẹja tó ń tijú ò sì lè ríyẹn kó mójú kúrò.

Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo orí gíláàsì lónìí, torí firefish máa ń fò jáde tẹ́rù bá bà á. Tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tàbí tẹ́ ẹ rí àmì funfun lára ẹ̀, àìsàn nìyẹn, kì í ṣe ìtìjú mọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí wa padà.