Ìyẹ́ ọ̀tún gùn ju tòsì lọ: ẹ má gé e

Ìbéèrè: Mo ra àpótí àwòṣe onígi tí èèyàn fúnra rẹ̀ máa ń tò, ti ọkọ̀ òfurufú tí Wilbur àti Orville Wright ṣe ní ọdún 1903. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 16 ti ojúlówó. Nígbà tí mo wọn ìyẹ́ méjèèjì, tọ̀tún fi bíi mílímítà 6 gùn ju tòsì lọ, etí àwọn ìyẹ́ náà sì rọ̀ sísàlẹ̀ nínú àwòrán tó bá a wá. Ṣé àwọn tó gé igi náà ló ṣì í, kí n sì fi ayùn mú wọn dọ́gba?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ayùn kàn án. Bí ojúlówó ọkọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Nígbà tí Orville gbé e fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12 ní Kill Devil Hills, ní North Carolina, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ńṣe ni ó dojú bolẹ̀ lórí ìyẹ́ ìsàlẹ̀, lápá òsì díẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn, tí Charlie Taylor bá wọn ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ní Dayton, wúwo ju awakọ̀ lọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ínǹṣì 4 kún ìyẹ́ ọ̀tún kí ó lè gbé ẹrù tirẹ̀. Ẹ pín ínǹṣì 4 sí ọ̀nà 16, mílímítà 6 tó lé díẹ̀ ni ẹ óò bá. Ẹni tó ya àwòṣe yín mọṣẹ́, inú mi sì dùn sí i. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rọ etí ìyẹ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú, torí pé afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ máa ń da ọkọ̀ tí ìyẹ́ rẹ̀ bá nà sókè láàmú nítòsí ilẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni pé ọ̀tún awakọ̀ ni à ń wí, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tó dojú kọ ọkọ̀. Ọkọ̀ yìí máa ń tan ojú jẹ, nítorí pé ẹ̀yìn ni abẹ̀bẹ̀ méjèèjì wà, ohun tó dà bí ìrù sì wà níwájú. Ẹnìkan gbé tirẹ̀ wá bá mi rí, ó ti lẹ ẹ́ńjìnnì mọ́ ìhà tó kúrú. Nígbà tí a fi máa yọ ọ́, igi mẹ́ta ti dá. Nítorí náà, kí ẹ tó yọ igi kankan kúrò lára pátákó rẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ̀tún tàbí òsì sí i lára.

Bí ẹ bá dé ibi òwú tó dúró fún wáyà, ẹ fa tọ̀tún díẹ̀, kí ẹ fa tòsì tó bá a mu díẹ̀, títí wọn yóò fi le bákan náà. Bí ẹ bá fa ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó bọ́ sí èkejì, ìyẹ́ yóò lọ́, bí gọ́ọ̀mù bá sì ti gbẹ, kò ní padà sípò mọ́. Ní ti ṣéènì méjì tó ń yí abẹ̀bẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ara rẹ̀ kọjá láàárín bí òǹkà 8, torí pé abẹ̀bẹ̀ kan ń yí sọ́tùn-ún, èkejì ń yí sósì.