Òpin ọ̀sẹ̀ ní Àkúrẹ́: iṣẹ́ ọnà, ọṣẹ Oǹdó, àti ọwọ́ tó ṣe wọ́n

Àbúrò mi, o ní iṣẹ́ ló gbé ọ láti Èkó wá sí Àkúrẹ́, àti pé láti ìgbà tó o ti dé, òpin ọ̀sẹ̀ ò tètè ń lọ lójú rẹ. O fẹ́ mọ ibi téèyàn ti lè rí iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ní agbègbè yìí, o sì fẹ́ mọ ohun téèyàn lè fi tọ́jú awọ àti irun rẹ̀ nílé láìná owó rẹpẹtẹ. Àwọn kan ti sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan níbí, pé kó o máa wọkọ̀ padà sí Èkó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Má dá wọn lóhùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìlú yìí, ohun tí mo sì rí kọ́ nípa ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ju ẹyọ kan lọ: ìbáà jẹ́ ọṣẹ, ìbáà jẹ́ àwòrán, wá ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kó o bá a sọ̀rọ̀ kó o tó náwó.

Jẹ́ ká ti orí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀, torí itòsí rẹ níbẹ̀ ni orírun rẹ̀ wà. Ọṣẹ dúdú Oǹdó lórúkọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó sì nídìí, ìpínlẹ̀ kòkó ni wá. Èèpo kòkó táwọn àgbẹ̀ bá ti kó èso inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á sá a títí á fi gbẹ, wọ́n á sun ún di eérú. Wọ́n á da omi lé eérú náà lórí nínú ìkòkò tó nihò nídìí. Omi tó bá ń kán jáde lábẹ́ rẹ̀ máa ń le, ó ń ta ọwọ́. Òun ni wọ́n máa gbé kaná pẹ̀lú àdín, ìyẹn òróró inú ekùrọ́, wọ́n á sì máa rò ó títí á fi ki.

Mo ti jókòó ti ìyá kan tó ń se é lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Oǹdó. Kì í wo aago rárá. Á fi igi ìrokò bu díẹ̀ sókè, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á wá fi ìka méjì pa á. Bó bá ṣì ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́, kò tíì jinná. Á tún da igi síná, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò. Ìgbà tó bá kán omi sí i tó sì hó fùkẹ̀fùkẹ̀ láàárín ìka rẹ̀ ló tó ní kí wọ́n yọ iná. Ọwọ́ yẹn ni mò ń sọ pé kó o wá. Bó o bá ti mọ ẹni tó ń se ọṣẹ rẹ, kò sẹ́ni tó máa ta ayédèrú fún ọ mọ́.

Ojúlówó kì í dúdú bí èyí tí wọ́n ń kùn láró. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń jọ ti ilẹ̀ oko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó rọ̀, ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, ojú rẹ̀ kì í dọ́gba, òórùn eérú àti àdín ló sì ń jáde lára rẹ̀. Èyí tó bá dúdú kirikiri, tó ń dán gbinrin, tí òórùn lọ́fínńdà ti ń ta sí ọ nímú kó o tó ṣí ọ̀rá, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń polówó lórí fóònù. Wọ́n ní ọṣẹ Oǹdó tó ń mú ara mọ́lẹ̀ kíákíá ni. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ mọ́ lóòótọ́. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, awọ èjìká rẹ̀ ń ṣí, kò sì lè dúró sójú oòrùn mọ́. Ọ̀dọ̀ dókítà awọ la gbé e lọ, owó tá a ná síbẹ̀ sì fi ìlọ́po ìlọ́po ju owó ọṣẹ náà lọ. Ó dùn mí wọra, torí ọmọ náà lẹ́wà kó tó ra nǹkan kan. NAFDAC ò yé kìlọ̀ nípa mákúrì àti hydroquinone nínú ìpara àti ọṣẹ abóra. Mákúrì a máa wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Eérú, omi àti àdín ò bóni lára. Ẹni tó bá ní ọṣẹ Oǹdó tòun ń bóni, ó ti po nǹkan míì mọ́ ọn.

Bí wàá ṣe lò ó nìyí. Má fi odindi rẹ̀ pa ara, pàápàá ojú. Bu ìwọ̀nba, pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ títí á fi hó, kó o wá fi ìfófó yẹn nìkan wẹ̀. Ara lè gba kànìnkàn, ojú ò nílò rẹ̀. Omi eérú inú ọṣẹ yìí lágbára, ó máa ń gbẹ awọ, nítorí náà má fi wẹ ojú lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ, fi díẹ̀ pa kọ̀rọ̀ ìgúnpá, kó o dúró di ọjọ́ kejì wò bóyá á yún ọ. Èmi máa ń fi oyin àti òrí díẹ̀ pò ó mọ́ra kó lè tutù, ìgbà míì mo máa ń fi osùn sí i. Àmọ́ osùn máa ń kun táwẹ́ẹ̀lì, torí náà ya èyí tó ti gbó sọ́tọ̀ fún un. Inú ike tó ní ìdérí ni kó o tọ́jú ọṣẹ náà sí. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bó o bá fi sílẹ̀ gbalasa ní balùwẹ̀ ìlú olójò bíi tiwa yìí, yíyọ́ ló máa yọ́.

Bó o bá ti wẹ̀ tán, má nu ara gbẹ tán. Ìgbà tí omi ṣì wà lára díẹ̀ ni kó o fi òrí pa á, torí òrí kì í fún awọ lómi, ṣe ló máa ń dá èyí tó wà níbẹ̀ dúró. Igi òrí ò hù nínú igbó tiwa níhìn-ín, láti Òkè-Ògùn, Kwara àti apá Niger ni wọ́n ti ń kó o wá sí Ọjà Ọba. Bi ẹni tó ń tà á léèrè ibi tó ti rà á. Ẹni tó bá mọ̀ á dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀, ẹni tí ò bá mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọjà.

Gìgísẹ̀ ńkọ́? Ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tó níyọ̀ díẹ̀, fi òkúta ìfọsẹ̀ ha á, fi òrí sí i, kó o wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ìyẹn náà ti parí.

Bó o bá jẹ́ ọkùnrin tí egbò wẹ́wẹ́ máa ń sọ lágbọ̀n lẹ́yìn tó bá fá irùngbọ̀n, ohun tó fà á ni pé irun wa máa ń ká kò, bí abẹ bá gé e jinlẹ̀ jù, á padà gún awọ wọlé. Fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná bo ibẹ̀ fúngbà díẹ̀, fá a síbi tí irun kọjú sí, má fá a lódìlódì, má sì tẹ abẹ mọ́ ọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú kẹ́ ẹ tó jáde sóòrùn. Ọsàn náà àti oòrùn máa ń para pọ̀ sun awọ, àpá rẹ̀ sì máa ń pẹ́.

Ti làálì, ohun kan péré ni mo fẹ́ kó o mọ̀. Èyí tó jẹ́ ewé máa ń gba sùúrù, ọ̀pọ̀ wákàtí ló máa ń lò lọ́wọ́ kó tó mú, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Èyí tó dúdú biribiri láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sábà máa ń ní aró irun nínú, ìyẹn sì máa ń mú kí ọwọ́ ẹlòmíì lé ròrò. Sọ fún ìyá Háúsá tó bá ń ṣe é fún ọ pé kó po ewé náà lójú rẹ.

Ó kan iṣẹ́ ọnà. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí ní 1981, ni mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní Industrial Design, wọ́n ń mọ amọ̀, wọ́n ń ya àwòrán, wọ́n ń ṣe aṣọ. Bí àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn bá fẹ́ parí, wọ́n máa ń pàtẹ iṣẹ́ wọn. Kì í sí ariwo níbẹ̀, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló máa ń dúró ti iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń wá ẹni tó máa bi í léèrè. Mo ra abọ́ amọ̀ kan níbẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ojú abọ́ náà ń dán, àmọ́ ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀. Mo rò pé ó ti sán ni. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi èékánná gbá etí rẹ̀, ó dún gooro. Ó ní amọ̀ àti ohun dídán tí òun fi bò ó kì í sún kì bákan náà bí iná bá ti ń tutù, pé èyí tó wà lókè ló ya, amọ̀ abẹ́ rẹ̀ ò mira. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè wo abọ́ kankan lásán mọ́. Wọn ò ní kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sára ògiri níbikíbi.

Ọjọ́ tó o bá ń lọ ra ọṣẹ ní Oǹdó, yà sí Adéyẹmí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì la mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, ó ti di yunifásítì báyìí, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Kó o tó lọ, ka nípa ẹgbẹ́ Ọ̀nà táwọn ayàwòrán kan dá sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1989. Tọ́lá Wewe, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, wà lára wọn, òun náà ló sì padà ṣe kọmíṣọ́nnà àṣà fún ìpínlẹ̀ yìí. Moyọ̀ Òkédìjí tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà fi erùpẹ̀ ilẹ̀ ṣe ọ̀dà tó fi ń yàwòrán. Bó o bá ti mọ èyí, wàá yé wo àwòrán ọmọ ìlú wa bí ẹni ń wo ohun tí wọ́n wò lára òyìnbó.

Bó bá di oṣù kọkànlá, tí owó sì wà, lọ sí ART X Lagos, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2016. Ó dára gan-an, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 300, èrò ibẹ̀ sì máa ń pọ̀ débi pé ìwọ àti ẹni tó ya àwòrán ò ní ráyè sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ ọnà Nike ní Lẹ́kì ò gbowó ìwọlé, o sì lè lọ nígbàkigbà tó o bá délé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sún mọ́ wa ju Èkó lọ. Lọ wo àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà jọ mọ.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa jáde lọ́dún, Ọ̀wọ̀ ni kó o lọ, lóṣù kẹsàn-án, nígbà ọdún Igogo. Kò tó wákàtí méjì láti Àkúrẹ́. Lọ sí mùsíọ́mù tó wà níbẹ̀ ní àárọ̀, kó o béèrè nípa àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo hú jáde ní Igbó'Lájà ní 1971. Wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn àti bí wọ́n ṣe to irun orí wọn, kó o tó jáde lọ wo Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà. Ní àkókò ọdún yẹn, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń di irun bí obìnrin, á wọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, á sì jó yíká ìlú. Ìlù ò gbọdọ̀ dún, agogo ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin ò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin ò gbọdọ̀ wé gèlè.

Nítorí náà, bó o bá ń lọ, fi ọṣẹ tá a ti fi omi là dáadáa fọ irun rẹ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, fi àdín díẹ̀ ra ìdí irun, kó o sì tètè wá onídìrí tó mọ ṣùkú dì. Àwọn onídìrí máa ń kún fún èrò lásìkò yẹn, bó o bá dúró di àárọ̀ ọjọ́ ọdún, o ò ní rẹ́ni dá ọ lóhùn.