Ẹ wọn ẹsẹ̀ màdámù kẹ́ ẹ tó lọ ra máṣíìnì

Ẹ ní nọ́ọ̀sì ni màdámù, ìyàwó yín, pé wọ́n ti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn abúlé kan, pé owó ọ̀kadà ló ń jẹ owó oṣù wọn tán, àti pé wọn ò gun máṣíìnì rí láyé wọn. Ẹ wá ní máṣíìnì Boxer 150 (150 yẹn ni ìwọ̀n ẹ̀ńjìnì rẹ̀) lọkàn yín ń fà sí, torí pé ó lágbára, kò sì ní tètè bàjẹ́. Bọ̀dá mi, ẹ fọwọ́ mú owó yẹn dáadáa ná. Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an lèmi náà sọ ní 2013, àpá rẹ̀ sì wà lójúgun ìyàwó mi títí dòní.

Ìsẹ́yìn là ń gbé. Tíṣà ni Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Adó-Àwáyè ni wọ́n gbé e lọ. Téèyàn bá yà kúrò lórí ọ̀dà, ó ṣì ku bíi kìlómítà 4 lórí ilẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́. Ọ̀kadà á gbé e lọ láàárọ̀, àtirí èyí tó máa gbé e bọ̀ lọ́sàn-án á di wàhálà. Mo ní kò burú, màá ra tiwa. Mo dá lọ sọ́jà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí o: mi ò mú ẹni tó máa gun nǹkan lọ síbi tí mo ti ń ra nǹkan! Èmi ga. Mo jókòó lórí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fà jáde, ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, mo ní èyí ti dáa. Ẹ̀ńjìnì 125 ni, máṣíìnì pupa, táǹkì rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì gùn ún, ọmọ ìka ẹsẹ̀ lásán ló kanlẹ̀. Mo ní ara rẹ̀ á mọ́ ọn tó bá yá.

Èmi náà ni mo tún ń kọ́ ọ, àṣìṣe kejì nìyẹn. Pápá ilé ẹ̀kọ́ girama kan la lọ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ní jíà kìíní, ó fẹ́ yípo lábẹ́ igi máńgòrò kan, èmi ń sáré tẹ̀ lé e, mò ń pariwo, “Bíréèkì! Bíréèkì!” Ló bá fa tọwọ́ ọ̀tún, ti iwájú nìyẹn, nígbà tí àńdù, ìyẹn irin tá a fi ń darí máṣíìnì, ṣì wà ní yíyí lórí òkúta wẹ́wẹ́. Táyà iwájú yọ̀ lọ bí ẹni tó tẹ omi ilá. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún láti fi gbé e ró, ẹsẹ̀ ò bá ilẹ̀. Máṣíìnì wó lé e, sàlẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, tó ti gbóná sì sùn lé e lójúgun. Mo gbé e kúrò. Kò bú mi, kò sunkún. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ilẹ̀ jìnnà sí mi.”

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa máṣíìnì àkọ́gùn ò ju gbólóhùn yẹn lọ. Ẹni tó ń kọ́ máṣíìnì kì í sábà ṣubú lórí eré. Tí táyà bá ti ń yí dáadáa, máṣíìnì ń gbé ara rẹ̀ ró. Ìgbà tó bá ń gbéra, tó bá ń dúró, tó bá ń yípo bí ẹni ń rìn, ìgbà yẹn ló ń wó, ẹsẹ̀ nìkan ló sì lè gbà á nígbà náà. Tó bá tẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ tó bá kanlẹ̀ á tì í padà. Tó bá ti tẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, kò sí bí ọkùnrin ṣe lè lágbára tó, ẹ̀bẹ̀ ló kù. Nítorí náà, agbára ẹ̀ńjìnì kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́jà.

Ẹ ní kí màdámù wọ bàtà tí wọ́n máa fi lọ síbi iṣẹ́ gan-an, kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, kí wọ́n fi ìwé líle kan há itan mejéèjì títí dókè, ẹ wá fi pẹ́ńsù fàlà sára ògiri níbi tí etí ìwé náà dé. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ẹ mú téèpù yẹn lọ sọ́jà kẹ́ ẹ fi wọn ìjókòó máṣíìnì. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má gbà pé téèpù ti parí iṣẹ́ o. Ìjókòó tó bá fẹ̀ máa ń ya itan, ẹsẹ̀ á sì kúrú sí i; sípíríǹgì ẹ̀yìn tó bá rọ̀ á rì díẹ̀ téèyàn bá jókòó. Ìdí nìyí tó fi di dandan kí wọ́n bá yín lọ, kí wọ́n jókòó lé e, kí wọ́n ká sítáǹdì rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì fẹsẹ̀ tì í síwá sẹ́yìn láìtan ẹ̀ńjìnì. Tí àtẹ́lẹsẹ̀ mejéèjì ò bá kanlẹ̀ dé ibi tí ìka ti bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò míì. Kò sí ẹ̀dínwó tó lè fi kún ẹsẹ̀ èèyàn.

Ohun kejì tí àwa ọkùnrin kì í rò ni aṣọ. Ìró ni, yẹ̀rì ni, híjáàbù tó gùn ni, ṣéènì tó wà níta ò mọ ọ̀kankan yàtọ̀ síra. Mo ti rí ìró tí ṣéènì wé mọ́ra rí lójú ọ̀nà Òkèehò, ọ̀bẹ la fi gé aṣọ náà kó tó jáde, orí ló kó obìnrin yẹn yọ. Máṣíìnì tí wọ́n bo ṣéènì rẹ̀ pátápátá ni kẹ́ ẹ wá. Kí màdámù sì máa wọ ṣòkòtò sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ wọn, kódà tó bá jẹ́ pé àdúgbò kejì ni wọ́n ń lọ.

Lẹ́yìn tí ojúgun san, mo ta 125 yẹn. Nínú ìdá mẹ́ta owó tí mo fi rà á, mo pàdánù odidi ìdá kan. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti Ìyá Ìbejì la jọ lọ. Ó jókòó lórí márùn-ún, mi ò sọ̀rọ̀. Èyí tó mú ni Honda C70 tòkunbọ̀ kan, èyí tí gbogbo wa ń pè ní máṣíìnì obìnrin, tí kò ní táǹkì níwájú, téèyàn kàn máa gbẹ́sẹ̀ kọjá láàárín rẹ̀ bí ẹni wọ yàrá. Ojú kọ́kọ́ tì mí láti gùn ún délé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín. Ẹbí Honda Cub ni, láti 1958 ni wọ́n ti ń ṣe é, nígbà tó fi máa di 2017, wọ́n ti ṣe é ju mílíọ̀nù 100 lọ. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ní ẹ̀ńjìnì tí wọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ìdí tó fi dáa fún ẹni tó ń kọ́ ni pé kò sí kílọ́ọ̀ṣì, ohun tá a máa ń fà ká tó yí jíà, lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ẹ̀ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń mú kílọ́ọ̀ṣì tí eré rẹ̀ bá ga, tó sì ń tú u sílẹ̀ tó bá rẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi tẹ jíà, ó tán. Máṣíìnì ò ní kú mọ́ yín lábẹ́ nígbà tí tírélà ń fun fèrè lẹ́yìn yín. Wọ́n bo ṣéènì rẹ̀, ike ńlá tó wà níwájú sì ń gba ẹrẹ̀ fún ojúgun. Ó ní ìwà kan ṣá: tẹ́ ẹ bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún un níná nígbà tẹ́ ẹ ń tẹ jíà kìíní, á fò síwájú bí ewúrẹ́ tó já okùn. Kí màdámù kọ́ láti dẹ ọwọ́ ọ̀tún pátápátá kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kan jíà.

Àléébù rẹ̀ ni pé èyí tó kù lọ́jà ti dàgbà, ẹlòmíì ju màdámù lọ lọ́jọ́ orí, ẹ sì lè wá ọmọ inú kàbùrétọ̀ rẹ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, tì. Àwọn ará Ṣáínà ń ṣe irú rẹ̀ tuntun tó jẹ́ 110, tí mẹkáníìkì àdúgbò yín bá mọ̀ ọ́n, ẹ rà á. Tẹ́ ò bá rí ìkankan, Boxer 100 ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe 150. Òun ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹ̀kọ́ rẹ̀ á fi bí ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ ju 150 lọ, kì í jẹ epo púpọ̀, kò sì sí abúlé tí wọn ò ti ní ẹ̀yà ara rẹ̀. Suzuki AX100 àtijọ́ tó ń jẹ ọ́ìlì pẹ̀lú epo, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ti gbọ́n. Ọjọ́ tẹ́ni tó ń kọ́ bá gbàgbé ọ́ìlì ni ẹ̀ńjìnì gan pa. Èyí tí táyà rẹ̀ kéré bí abọ́ ọbẹ̀, kòtò ọ̀nà abúlé á gbé e mì.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo ara táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Bó ti wù kí ojú rẹ̀ tutù tó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ gba ìwé pé, kẹ́ ẹ sì yí orúkọ padà. Láísẹ́ǹsì ti máṣíìnì ni Class A. Èyí tẹ́ ẹ fi ń wa mọ́tò ò kárí rẹ̀.

Akoto ń kọ́? Ẹ yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ti máṣíìnì, kó má lọ di ohun tá a fi ṣẹ́ńjì rà. Ẹ rántí 2009 tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní dandan ni akoto, táwọn ọlọ́kadà kan dé igbá sórí? A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù lórí ò sàn ju igbá lọ. Ẹ de okùn rẹ̀ mọ́ màdámù lágbọ̀n, kẹ́ ẹ gbá a mú látẹ̀yìn kẹ́ ẹ gbìyànjú láti yí i síwájú. Tó bá ṣí lọ, kò bá wọn mu. Tí wọ́n bá dirun sókè, ẹ dán an wò pẹ̀lú irun yẹn.

Ẹni tó máa kọ́ wọn ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí jù. Ẹ má ṣe é fúnra yín. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ rí ló kọ́ Ìyá Ìbejì. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn ò tan ẹ̀ńjìnì rárá. Ó ń tì í kiri pápá, ó ń yí i, ó ń gbé e sórí sítáǹdì, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó gùn ún, bàbá tì í láti ẹ̀yìn, bíréèkì nìkan ló ń kọ́: mejéèjì lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀, àńdù ní títọ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ pé ti iwájú ló ń mú máṣíìnì dúró jù, àti pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fà gbì. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Bàbá náà kì í pariwo. Tó bá ṣàṣìṣe, á ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.” Èmi wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Ọdún kan àti oṣù mélòó kan ló fi gun C70 yẹn lọ Adó-Àwáyè, lójò lẹ́ẹ̀rùn, kó tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ Boxer 100. Òun ló yàn án, òun ló dúnàá-dúrà. C70 ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa, kò jẹ́ kí n tà á, ó ní àwọn Ìbejì máa kọ́ ọ.

Tẹ́ ẹ bá ti wọn màdámù tán, ẹ kọ iye sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ síbí, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn ní yanrìn tàbí òkúta. Màá sọ èyí tẹ́ ẹ lè kọ́kọ́ lọ wò.